Orí Kẹrin: Àlejò Tó Kàn Yà

Ìbídùn wà lórí àkàbà, ó fi eyín di okùn mú, ó ń so àwọ̀n tí wọ́n fi ń gba omi lára ìkúukùu mọ́ òpó, nígbà tí ohùn kan sọ nísàlẹ̀ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, onílé. Ẹ kú làálàá. A kàn yà kí yín ni."

Ohùn náà dùn bí ohùn ọmọge tó ń tajà. Akíyèsí ló ni ín. Lórí Òkè-Ìdèrà, kò sí ìyá tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé tó máa gbọ́ "a kàn yà" lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn tí àyà rẹ̀ kò ní lù kì.

Ó bojú wolẹ̀. Akíyèsí nìyẹn lóòótọ́, ó tóbi tó ìbẹ́pẹ tó gbó, ó dúró lójú afẹ́fẹ́ láìfara kan nǹkan kan, ojú kan ṣoṣo tó ní sì ń wò yán-ín-yán-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyáàfin Mákanjúọlá, alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ fún òkè méjèèje. Ó fọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé báàgì aláwọ̀ ewé kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Igba àtẹ̀gùn ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n gbẹ́ sára àpáta láti ìsàlẹ̀ ìlú dé ibẹ̀, obìnrin náà sì ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin.

Ọgbọ́n ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ nìyẹn. Nígbà kan, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ bàtà dídán ni wọ́n ń rán gun òkè, àwọn ìyá sì ń lé wọn bí ẹni ń lé adìẹ nídìí àgbàdo. Àfi bí ẹnì kan ní ọ́fíìsì ṣe jókòó tó ronú, ló bá ní kí wọ́n máa rán àwọn àgbàlagbà. Látìgbà náà, kò sí ẹni tó lé ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìbídùn tú okùn kúrò lẹ́nu. "Ẹ kú ìrìn o, mà! Ẹ pẹ̀lẹ́, mà! Mò ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀!"

Ó sọ̀ wìrìwìrì, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta.

"Dìde, ìyàwó mi, dìde. Ẹ kú iṣẹ́ omi. Omi ń sun?"

"Ó ń sun díẹ̀díẹ̀, mà. Ìkúukùu àná fúyẹ́." Ó dìde, ó fi ìdí aṣọ nu ọwọ́. "Mà, a ò rí lẹ́tà yín gbà o."

"Lẹ́tà kẹ̀? Ẹni tó kàn yà, lẹ́tà wo ló fẹ́ kọ?"

Akíyèsí dá sí i: "Lẹ́tà ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá jẹ́ dandan fún àbẹ̀wò. Kò jẹ́ dandan fún ìkíni. Ìkíni la bá wá."

Ìbídùn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Pátákó kékeré tí wọ́n kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, bí wọ́n ṣe kàn án mọ́ ilẹ̀kùn gbogbo ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ fúnra wọn, ìlà mẹ́rin péré ló wà lára rẹ̀, ó sì mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí. Ìlà kìíní: àbẹ̀wò kò sí láìsí lẹ́tà. Ìlà kejì: alábẹ̀wò tó bá yà láti kíni kò gbọdọ̀ kọjá sábẹ́ òrùlé, àfi tí wọ́n bá gbà á lálejò. Ìlà kẹta: bí wọ́n bá ti gbà á lálejò, ó lè dán ọmọ wò. Ìlà kẹrin náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa ń kà á sókè.

Nítorí ìlà kejì yẹn ni Ìbídùn ṣe gbé bẹ́ǹṣì kan sábẹ́ àwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àwọ̀n kì í ṣe òrùlé. Ó ti béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, akọ̀wé sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé ohun tí omi bá lè gbà kọjá kì í ṣe òrùlé. Ó tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé tábìlì kékeré sí i, ó gbé ìkòkò omi tútù lé e. Ohun tí àlejò ń fẹ́ nínú ilé, ó ti kó gbogbo rẹ̀ síta.

"Ẹ jókòó síbí, mà. Ibí ni atẹ́gùn wà."

Ìyáàfin Mákanjúọlá wo bẹ́ǹṣì, ó wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó tún wo bẹ́ǹṣì. "Níta?"

"Inú ilé ń móoru, mà."

"Hẹ̀n-ẹ́n. A ti wá ń gba àlejò sí ẹnu ọ̀nà báyìí, bí ẹni tó wá béèrè ọ̀nà ilé ẹlòmíì."

Ìbídùn kàn rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà jókòó, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, bẹ́ǹṣì sì dún gìrìrì lábẹ́ rẹ̀. Ó dára. Bí ó bá ti mumi, tó sinmi, tó sì kí wọn tán, òfin ní kó máa lọ ni. Ìbídùn yíjú sí ìkòkò láti bu omi.

Ibi tó yíjú sí yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Àṣàbí, ọmọbìnrin rẹ̀ ẹni ọdún mẹ́sàn-án tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, wà nínú ilé níbi tó ti ń ka ojú àwọ̀n tuntun, ó sì ń kọrin sí i bó ṣe máa ń ṣe:

*Àwọ̀n mi lójú, kì í sunkún,*
*Ìkúukùu ló ń bá a sun ún.*
*Ojú kan, ojú méjì, ojú mẹ́ta,*
*Ẹni tó ń ka ojú kò gbọdọ̀ sùn.*

Ó gbọ́ ohùn àlejò, ó jáde. Ó rí ìyá àgbà tó ti rẹ̀, tó gbé ẹrù lé itan. Kí ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ yìí láti ọjọ́ tó ti mọ ìrìn rìn? Ó sáré lọ, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jẹ́ n bá yín gba báàgì."

"Ṣeun, ọmọ mi," ni Ìyáàfin Mákanjúọlá wí, ó sì nà án sí i. Kò yára nà án. Kò sì fi falẹ̀.

Àṣàbí fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e wọlé, ó gbé e sórí àga tó mọ́ jù nínú pálọ̀.

Kí Ìbídùn tó yíjú padà pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn Akíyèsí dùn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ: "Ará ilé ti gba ẹrù alábẹ̀wò wọlé. Wọ́n ti gbà wá lálejò. A dúpẹ́ o." Ó fò kọjá lórí Ìbídùn, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé.

Ìyáàfin Mákanjúọlá rọra dìde tẹ̀lé e. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìbídùn, ó gba ife omi lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ yìí mọ̀wà hù. Ta ló kọ́ ọ?"

"Èmi ni, mà."

"O káre. O kọ́ ọ dáadáa."

Wọ́n wọlé. Ìyá àgbà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ báàgì rẹ̀. Akíyèsí dúró níwájú Àṣàbí, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ojú òun àti ojú ọmọ lè dọ́gba.

"Àṣàbí, má bẹ̀rù. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o bá gba òdo mẹ́ta, wàá dé fìlà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé."

Ìbídùn fara ti ògiri. Kò kórìíra fìlà ẹ̀kọ́. Kì í pa ọmọ lára. Kódà, ó fúyẹ́ ju gèlè lọ, ọmọ tó bá sì dé e fún wákàtí mẹ́rin á mọ ohun tí àwọn àgbà fi ọdún mẹ́rin kọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ọmọkùnrin ilé kejì, Bándélé. Kí wọ́n tó dé fìlà fún un, ọmọ yìí á béèrè ọ̀rọ̀ títí èèyàn á fi di etí: kí ló dé tí ojú ewúrẹ́ fi dùbúlẹ̀? Ibo ni iná ń lọ tí a bá fẹ́ ẹ pa? Ní báyìí, ó mọ gbogbo rẹ̀. Ọdún kan rèé, ìyá rẹ̀ ní kò tíì béèrè ohunkóhun. Fìlà á ti dáhùn kí ìbéèrè tó dé ẹnu rẹ̀.

"Ìbéèrè kìíní. Mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó?"

Ojú Àṣàbí tàn. Ó mọ èyí. Ó gbé ìka sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin:

*Ogún, ogún, ẹ jókòó lẹ́ẹ̀mẹjọ,*
*Ọgọ́jọ ló kún orí ẹní.*
*Ẹ̀ta, ẹ̀ta, ẹ dìde lẹ́ẹ̀mẹjọ,*
*Mẹ́rìnlélógún ń relé o…*

"Àkókò ti pé," ni Akíyèsí wí.

*Ta ló kù lórí ẹní?* Àṣàbí kò tilẹ̀ gbọ́. "Mẹ́rìndínlógóje!"

"Ìdáhùn tọ̀nà. Àkókò ti kọjá. Òdo."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. "Màámi, ṣé mo ṣì í ni?"

"O ò ṣì í."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ òdo?"

Ìyáàfin Mákanjúọlá ń mumi. Ìbídùn sún mọ́ ọn, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó fi ohùn tó dùn jù tó ní sọ̀rọ̀. "Mà, ẹ ṣe é gan-an tí ẹ yà. Ẹ bá wa kí ará ilé o."

"Wọ́n á gbọ́," ni ìyá àgbà wí. Kò mira.

"Oòrùn á ti máa mú lójú ọ̀nà, mà. Kó má lọ dá yín dúró."

"Mo ní agbòòrùn nínú báàgì."

"A ó sì máa rí ara wa nígbà gbogbo, mà."

"Àṣẹ."

Akíyèsí yí ojú rẹ̀ kan ṣoṣo sí Ìbídùn. "Onílé, àwọn gbólóhùn yẹn kò sí nínú òfin. Gbólóhùn tí òfin mọ̀ wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà yín, ìlà kẹrin."

Ta ni kò mọ̀? *Onílé lè ní kí alábẹ̀wò jáde nígbàkigbà, bó bá sọ báyìí: Ẹ jáde nílé mi.* Ìyá mẹ́ta lórí òkè yẹn ló ti mọ̀ ọ́n bí wọ́n ti mọ orúkọ ara wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dúró bí Ìbídùn ṣe dúró yìí, ẹnu wọn ṣí, kò sí ohun tó jáde níbẹ̀ ju "ẹ ṣe é tí ẹ wá" lọ. Ìbídùn alára ti fi kọ́ra nígbà tí kò sí èèyàn nítòsí. Ewúrẹ́ ló sọ ọ́ fún. Ó rọrùn láti sọ fún ewúrẹ́.

"Ìbéèrè kejì. Kí ló ń sọ ìkúukùu di omi lára àwọ̀n?"

Àṣàbí gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ṣé ti àárọ̀ ni àbí ti ìrọ̀lẹ́?"

"A kì í fi ìbéèrè dáhùn ìbéèrè."

"Nítorí pé wọn ò rí bákan náà! Ti àárọ̀ máa ń tutù wá láti ìsàlẹ̀, ti ìrọ̀lẹ́ sì…"

"Àkókò ti pé. Òdo."

Níta, omi ń kán sínú gọ́tà. Ó ku òdo kan.

Ìyáàfin Mákanjúọlá gbé ife sílẹ̀. Ó wo Ìbídùn tààrà fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti dé. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ ni. "Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gun àwọn òkè wọ̀nyí. Mi ò tíì gbọ́ gbólóhùn yẹn rí. Ó yá, tó o bá máa sọ ọ́, sọ ọ́. Èmi rèé, mo dàgbà ju ìyá tó bí ọ lọ. Mo jókòó nílé rẹ, mo ń mu omi rẹ. Sọ ọ́ fún mi kí ọmọ rẹ máa gbọ́."

Ibi tó ká Ìbídùn lọ́wọ́ kò nìyẹn. Ọmọ wà níbẹ̀. Bó bá dákẹ́, fìlà ni lọ́jọ́ Ajé. Bó bá sọ ọ́, nínú gbogbo ohun tó ti kọ́ Àṣàbí láti ọdún mẹ́sàn-án, èyí tí kò ní gbàgbé láéláé ni ọjọ́ tí ìyá òun la ẹnu lé àgbàlagbà jáde nílé. Èwo ni kó fún un nínú méjèèjì?

"Ìbéèrè kẹta," ni Akíyèsí wí.

Ìbídùn kúnlẹ̀.

Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ẹni tó ń kánjú lọ sọ́jà. Ó kó orúnkún méjèèjì sílẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ìyá náà, bí ìyàwó tuntun ṣe ń kí àwọn ìyá ọkọ ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́.

"Mà," ni ó wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákun, ẹ má bínú, ẹ jáde nílé mi."

"Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù," ni Akíyèsí wí. "Gbólóhùn náà kò ní 'ẹ jọ̀wọ́.' Kò ní 'ẹ dákun.' Kò ní 'ẹ má bínú.' Ìbéèrè kẹta: odò wo ló…"

Orí Ìbídùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ó fa èémí. Ó gbọ́ bí Àṣàbí ṣe kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò mọ ohun tó ń lọ, ó kàn rí ìyá rẹ̀ tó kúnlẹ̀ ni.

"Ẹ jáde nílé mi."

Akíyèsí dákẹ́ lágbede méjì ọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. "A ti gbọ́, onílé. Ìkíni ti parí. Òdo méjì kò tó òdo mẹ́ta. A ti pa wọ́n rẹ́. Ó dàbọ̀." Ó fò gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde, ó dúró lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó pa ojú rẹ̀ dé.

Ìbídùn kò lè gbé orí. Ó ń retí pé kí èébú bẹ̀rẹ̀, ó sì ti pinnu pé bó bá bẹ̀rẹ̀, òun á máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, mà" títí tó fi máa tán.

"Ọmọ ta ni ọ́?" ni ìyá àgbà bi í.

"Ọmọ Ọ̀jẹ́wùmí alápẹ̀rẹ̀ ni mí, mà. Ti Ìsàlẹ̀-Odò."

"Ṣé ìyá rẹ wà láyé?"

"Wọ́n wà, mà."

"Má sọ ohun tó o ṣe lónìí fún un."

"Mi ò ní sọ, mà."

Ìyáàfin Mákanjúọlá gbìyànjú láti dìde, ìdí rẹ̀ kọ̀. Ó tún gbìyànjú. Ìbídùn fà súnmọ́ ọn lórí orúnkún, ó gbé èjìká rẹ̀ sílẹ̀ fún un, obìnrin náà sì fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ ti èjìká náà, ó dìde pẹ̀lú ìkérora. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e kúrò.

"O máa rí lẹ́tà," ni ó wí.

"A máa dúró dè é, mà. Tí ẹ bá kọ ọ́, a máa kọ èsì. Òfin fàyè gbà pé ká fi ìwé dáhùn."

"Mo mọ òfin, ìyàwó. Ìwọ nìkan kọ́ ló lè kàwé."

Nígbà tó wo ẹnu ọ̀nà tó rí àtẹ̀gùn igba ó lé mẹ́rìnlá tó lọ sísàlẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Ìbídùn rí i. Ó gbé báàgì kúrò lórí àga, ó gbé e lérí, ó di ìyá náà mú lápá. Àṣàbí di apá kejì mú. Báyìí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Akíyèsí sì ń fò tẹ̀lé wọn lẹ́yìn bí adìẹ tó rẹ̀. Lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń yọjú láti ojú fèrèsé. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ látinú bí wọ́n ṣe ń rìn pé wọ́n ti lé ẹnì kan.

Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín, Àṣàbí na ọrùn kọjá iwájú ìyá àgbà. "Màámi, ṣé ẹ lé wọn ni?"

Ìbídùn gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé èkejì. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"A sì tún ń sìn wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọmọ náà rò ó. "Kí ló dé?"

Ìyáàfin Mákanjúọlá dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó wo ọmọ náà, ó wo ìyá rẹ̀. "Dá a lóhùn," ni ó wí. "Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ."

"Mi ò tíì mọ̀," ni Ìbídùn wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ ná."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ ọ́fíìsì ń dúró nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀. Ìyá àgbà gba báàgì rẹ̀, ó wọlé, ó jókòó, kò sọ ohunkóhun ju "ẹ kú ìsìnmi" lọ, Ìbídùn àti Àṣàbí sì kúnlẹ̀ láti dá a lóhùn.

Ọkọ̀ lọ. Ekuru rẹ̀ rọlẹ̀. Àṣàbí dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, ó wẹ̀yìn.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ìbídùn ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ létí ọ̀nà.

"Dúró ná," ni ó wí. "Orúnkún mi kò tíì gbà pé ó ti tán."